Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Aròkọ Aláàlàyé – Bí Ìlú Méjì Ṣe Jìnnà Síra Wọn Tó Lójú Òfuurufú

Irú orí-ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá fún nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti rí i pé yóò gba ìṣirò díẹ̀, kíá ni wọn yóò yà sí orí-ọ̀rọ̀ bíi 'Ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé' tàbí 'Ayẹyẹ ìgbéyàwó kan tí ó ṣojú mi'. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n rò ó wò: bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ nípa ìgbéyàwó, gbogbo ìyàwó ni yóò rẹwà bí egbin, gbogbo àlejò ni yóò jẹ ìrẹsì yó. Kí olùdánwò tó kan ìwé tìrẹ, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó á ti sú u. Ẹni tí ó bá mú orí-ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá fún, tí ó sì mọ ohun tí òun ń sọ, ni olùdánwò máa ń fara balẹ̀ kà.

Orí-ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí: 'Mú ìlú méjì tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn síra wọn, kí o sì ṣe àlàyé bí ọ̀nà òfuurufú tí ó wà láàárín wọn ṣe gùn tó.'

Ohun tí orí-ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè

Kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó mú bírò. Wọn kò ní kí o ròyìn ìrìn-àjò tí o lọ. Mo ti máàkì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tí ó fi odindi ojú ìwé kan sọ bí ó ṣe de ìgbànú mọ́ àga nínú bàálù, bí omidan tí ń pín oúnjẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín, àti bí etí rẹ̀ ṣe dí nígbà tí bàálù ń gòkè. Yorùbá rẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dárúkọ kìlómítà ẹyọ kan ṣoṣo. Ìròyìn ni ó kọ. Àlàyé ni a bèèrè. Ó dùn mí láti fún un ní máàkì tí mo fún un, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é.

Ohun mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń pò pọ̀ bí àdàlú nínú irú aròkọ yìí: bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra wọn, ọ̀nà tí bàálù gbà láti ọ̀kan dé èkejì, àti wákàtí tí ó lò lójú ọ̀nà. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní kì í yí padà láéláé. Èkejì lè yí padà láàárín òru ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta kò dúró lójú kan rárá. Bí o bá ti ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nínú ọkàn rẹ, iṣẹ́ ti parí dé ìdajì.

Bí a ṣe ń mọ iye kìlómítà

Ayé rí roboto bí ọsàn. Bí a bá fi okùn yí i po láti àríwá lọ sí gúúsù títí tí okùn náà fi padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, okùn náà á gùn tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Ìwọ tí o mọ òǹkà Yorùbá, ọ̀kẹ́ méjì péré nìyẹn, kò sì yẹ kí o gbàgbé rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ pín okùn yìí sí ọ̀nà 360, wọ́n sì ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní dígírì. Fi 360 pín 40,000, wàá rí i pé dígírì kan jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà.

Ẹ jẹ́ kí a lò ó. Èkó wà ní nǹkan bí dígírì mẹ́fà ààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó la ayé sí méjì. Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí dígírì mọ́kànléláàádọ́ta ààbọ̀ sí àríwá ìlà kan náà. Yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó ku dígírì 45. Sọ 45 di ọ̀nà 111, ìdáhùn rẹ ni 4,995. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìyẹn ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì. Tún wo ohun kan: 45 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ 360. Èyí ni pé ẹni tí ó wọ bàálù ní Ìkejà tí ó sọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni olùdánwò máa ń fa ìlà sí lábẹ́, nítorí ó fi hàn pé o kò há iye náà sórí lásán.

Ìdí tí ìṣirò yìí fi rọrùn ni pé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà. Ìlà tí gbogbo ayé fi ń ka òòró, láti ìgbà ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Washington ní ọdún 1884, gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Èkó kò sì ju dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn rẹ̀. Bí ìlú kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ èkejì, bí Èkó àti New York, ìyọkúrò lásán kò ní tó. Nígbà náà, wá àwòrán ayé roboto, irú èyí tí ó máa ń wà lórí tábìlì tíṣà Jọ́gíráfì. Fi òwú kan ìlú àkọ́kọ́, fà á le dáadáa dé ìlú kejì, kí o sì wọn òwú náà. Wàá rí nǹkan bí 8,400 kìlómítà fún Èkó sí New York. Bí kò bá sí àwòrán roboto, fi bọ́ọ̀lù kọ́ ara rẹ kí o lè mọ bí òwú ṣe ń rìn lórí ohun tí kò tẹ́jú.

Má fi rúlà wọn ọ̀nà lórí máàpù pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, Gerardus Mercator ni ó gbé ọ̀nà yíyà rẹ̀ jáde ní ọdún 1569 fún àwọn atukọ̀ ojú omi. Ó wúlò fún wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lókè àríwá lójú. Lórí rẹ̀, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá. Nítorí náà ni ẹnu fi máa ń ya àwọn ènìyàn bí wọ́n bá gbọ́ pé bàálù tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Los Angeles ń kọjá lórí yìnyín Greenland. Wọ́n rò pé awakọ̀ ṣìnà ni. Kò ṣìnà, òwú ni ó ń tẹ̀lé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí o lè fi dán iṣẹ́ rẹ wò. Níwọ̀n bí àyíká ayé ti jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì, kò sí ìlú méjì tí ó lè jìnnà síra ju nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan kìlómítà lọ, ìyẹn 20,000. Bí o bá ti lọ jù bẹ́ẹ̀, o ti ń yí padà bọ̀ wálé ní ẹ̀yìn nìyẹn. Nítorí náà bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ 27,000, má wulẹ̀ tẹ̀síwájú. Padà lọ wo ìṣirò rẹ. Singapore sí New York, tí ó wà lára ọ̀nà tí ó gùn jùlọ tí bàálù akérò ń fò láìdúró, kò ju nǹkan bí 15,300 kìlómítà lọ.

Máìlì àti kìlómítà ńkọ́? Máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ (1.6). Àwọn awakọ̀ òfuurufú tún ní máìlì tiwọn tí wọ́n jọ ń lò pẹ̀lú àwọn atukọ̀ ojú omi, mítà 1,852 sì ni. Mú ọ̀kan, kí o dì í mú títí dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà tí ó wá parí sí máìlì dà bí ẹni tí ó fi kóńgò wọn gàrí rà tí ó fi dẹ́rìkà wọn ọ́n tà.

Ọ̀nà tí bàálù ń gbà

Òwú tí o fà lórí bọ́ọ̀lù kò mọ ààlà ìlú, kò mọ ogun, kò mọ ìjọba. Bàálù mọ gbogbo wọn. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a kọjá lórí Niger, kí a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní Algeria, kí a dá òkun Mẹditaréníà, kí a sì gba orí ilẹ̀ Faransé wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfuurufú ilẹ̀ náà pa fún nǹkan bí oṣù kan. Ọ̀pọ̀ bàálù tí ń ti Yúróòpù bọ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa ní láti yí gba ibòmíràn. Èkó kò sún, Lọ́ńdọ̀nù kò sún, síbẹ̀ ọ̀nà gùn sí i. Irú rẹ̀ náà ni ti Finland: nígbà tí Rọ́ṣíà ti ojú òfuurufú rẹ̀ pa mọ́ àwọn bàálù Yúróòpù ní ọdún 2022, ìrìn-àjò láti Helsinki sí Tokyo tí kì í ju nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ di nǹkan bí wákàtí mẹ́tàlá. Bí o bá rí irú àpẹẹrẹ yìí fi sínú aròkọ rẹ, fi ọdún rẹ̀ sí i.

Wákàtí

Bàálù ńlá máa ń fò ní nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Fi 900 pín 5,000, wàá rí wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí, tí wọ́n á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọ bàálù náà rí á sọ fún ọ pé nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Bàálù kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè, kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń rìn lórí ilẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ó tó gbéra. Ẹ̀fúùfù náà tún wà níbẹ̀. Lókè réré ní ìhà àríwá, ẹ̀fúùfù líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ó máa ń ti àwọn kan lẹ́yìn, ó máa ń dojú kọ àwọn mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì ńlá kan ń jà, bàálù kan fi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56 fò láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà lé ní 5,500 kìlómítà, tí àwọn bàálù yòókù sì máa ń lò ju wákàtí mẹ́fà lọ lórí rẹ̀.

Èyí tí ó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ wákàtí ni aago ìlú. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Ní oṣù kejìlá ọdún kan, bàbá wa wà ní ilé ìwòsàn ní Èkó, àwọn dókítà sì ti ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Bàbá ní àwọn fẹ́ fojú kan ọmọ àwọn ná. Gbogbo ilé kọjú sí mi pé aago mélòó ni bàálù á balẹ̀. Ṣé èmi ni tíṣà. Mo mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ó gbéra lọ́hùn-ún. Mo fi wákàtí mẹ́fà kún mẹ́sàn-án, mo ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Dókítà ní kò burú, àwọn yóò dúró di aago márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn kò ní lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́sàn-án Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejìlá, aago mẹ́wàá ni ní Èkó. Mo gbàgbé wákàtí kan yẹn. Mo tún gé ààbọ̀ wákàtí kúrò lára wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ bí ẹni gé èékánná. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni bàálù balẹ̀. Bàbá ń wo ẹnu ọ̀nà, mò ń wo aago ara ògiri, kò sì sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di aago márùn-ún, wọ́n ti ibùsùn wọn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dé nígbà tí aago mẹ́fà ti kọjá, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n títí tí bàbá fi re ibi àgbà ń rè, bí mo bá ti fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé lójú wọn, wọ́n á ní, 'Tíṣà, wákàtí kan ààbọ̀ mi ńkọ́?'

Nítorí náà mọ èyí dájú. Aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú aago Greenwich ní gbogbo ọdún. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, tiwọn á wá bá tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà, tiwa á sì tún ṣíwájú.

Ìlapa èrò

Má kọ ìlapa èrò gígùn. Fún aròkọ yìí, kọ ìlú méjì tí o mú àti iye kìlómítà wọn. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Wákàtí tí bàálù ìbá lò. Ìdí tí ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà fi yàtọ̀ sí òwú. Ohun tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún un.

Nínú àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e, n kò mú Lọ́ńdọ̀nù, nítorí mo mọ̀ pé òun ni gbogbo ènìyàn yóò mú.

Àpẹẹrẹ aròkọ: Bí Èkó ṣe jìnnà sí Salvador ní Bahia

Nǹkan bí 5,100 kìlómítà ni ó wà láàárín Èkó àti Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Bràsíìlì jìnnà sí wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà sí Èkó, ohun tí Salvador sì fi jù ú lọ kò ju bí ẹni ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta lọ.

Èkó wà ní àríwá ìlà tí ó la ayé sí méjì, Salvador sì wà ní gúúsù rẹ̀ ní nǹkan bí dígírì mẹ́tàlá. Láti ìlà òòró Èkó dé ti Salvador jẹ́ nǹkan bí dígírì 42. Bí ẹyẹ kan bá gbéra ní etí òkun Èkó, tí ó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, tí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà gúúsù, omi òkun Àtìláńtíìkì nìkan ni yóò máa wò nísàlẹ̀ títí yóò fi rí etíkun Bahia. Kò sí aṣálẹ̀, kò sí òkè, kò sí ìlú elòmíràn láàárín. Èkó àti Salvador dà bí ilé méjì tí ó kọjú síra wọn, tí odò sì pín wọn níyà.

Bàálù tí ó bá ń fò ní 900 kìlómítà ní wákàtí kan lè dá òkun yìí láàárín wákàtí mẹ́fà tàbí díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò kì í gba ibẹ̀. Bàálù máa ń lọ sí ibi tí èrò àti ọjà bá pọ̀ sí, nítorí epo bàálù wọ́n, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí yóò máa gbé àga òfìfo kiri. Ẹni tí ó bá gba Lisbon, bí àpẹẹrẹ, yóò kọ́kọ́ fò ní nǹkan bí 3,800 kìlómítà lọ sí àríwá. Lẹ́yìn èyí yóò yí padà, yóò sì tún fò ní nǹkan bí 6,500 kìlómítà kí ó tó dé Salvador. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,300 kìlómítà, ìlọ́po méjì ọ̀nà tí ẹyẹ gbà. Èyí kò tíì ka wákàtí tí yóò fi dúró de bàálù kejì.

Ohun ìyanu ni pé ọ̀nà yìí tààrà ní ayé àtijọ́. Nígbà òwò ẹrú, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti etíkun wa lọ sí Bahia láìyà níbì kankan, ìrìn náà sì lè gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ kò dé ibẹ̀ láàyè. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Nàgó. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó ti ra ara wọn padà fi túbọ̀ ń wọ ọkọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn àti àwọn ọmọ wọn ni à ń pè ní Àgùdà ní Èkó, tí àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Pópó Àgùdà. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn wá máa ń gbé tábà láti Bahia, ó sì máa ń kó obì, epo pupa àti aṣọ òfì padà lọ. Ní ọdún 1888 ni Bràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú pátápátá.

Aago Èkó fi wákàtí mẹ́rin ṣíwájú ti Salvador. Nígbà tí obìnrin tí ń din àkàrà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá ń pa iná rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Salvador. Ní àkókò yẹn, àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun ti gbé epo pupa kaná ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n ń din ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, wọ́n sì ń pè é ní acarajé.

Àkíyèsí lórí àpẹẹrẹ yìí

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ iye kìlómítà. Kò sí 'Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ', kò sí 'Orí-ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ orí-ọ̀rọ̀ pàtàkì'. Olùdánwò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Òun ni ó ṣètò rẹ̀.

Wo bí akọ̀wé ṣe ń lo 'nǹkan bí'. Kì í ṣe pé kò mọ iye náà. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn Èkó lè jẹ́ Ìkejà, ó lè jẹ́ Marina, iye yóò sì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó kọ '5,103 kìlómítà gééré' ń wá wàhálà. Ṣùgbọ́n kò kọ 'nǹkan bí' mọ́ ọdún 1835 tàbí 1888, nítorí ọdún kì í ṣe ohun tí à ń fojú bù.

Ìpínrọ̀ tí ó sọ nípa Lisbon ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ jà mí níyàn pé ìpínrọ̀ àwọn Nàgó ni ó dára jù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ Lisbon kúrò, àlàyé kò sí mọ́, ìtàn ni ó kù. Bí ìtàn bá sì gùn ju bí ó ti gùn nínú àpẹẹrẹ yìí lọ, o ti ń kúrò lórí orí-ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé kò fi òwe parí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ọ pé òwe ni kí o fi gúnlẹ̀. Bí òwe bá bá ọ̀rọ̀ mu, lò ó. Bí kò bá bá a mu, fi sílẹ̀. Mo ti rí 'Ìrìn-àjò ni ayé' nísàlẹ̀ aròkọ nípa bàálù ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ní ti àkọtọ́: kọ orúkọ ìlú tí Yorùbá ti sọ di tirẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń pè é, bíi Lọ́ńdọ̀nù àti Bràsíìlì. Èyí tí kò tíì ní orúkọ lẹ́nu wa, bíi Salvador, kọ ọ́ bí àwọn tí ó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Iye tí ó bá pọ̀, fi nọ́ńbà kọ ọ́. Èyí tí ó bá kéré, bíi wákàtí mẹ́fà, fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Má sì gbàgbé àmì ohùn lórí 'ọkọ̀'. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ pé 'mo wọ ọkọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù' ti gun ohun tí a fi ń ro oko.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Akra wà ní nǹkan bí dígírì márùn-ún ààbọ̀ sí àríwá, ìlà Greenwich sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kìlómítà mélòó ni ó wà láàárín Akra àti Lọ́ńdọ̀nù? Ṣé ó ju ti Èkó lọ ni, tàbí kò tó o?

2. Bàálù kan gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ní oṣù kìíní, ó sì fò fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Aago mélòó ni yóò jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó bá balẹ̀? Bí ó bá jẹ́ oṣù keje ńkọ́?

3. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, bàálù akérò tí ó gbéra ní Sydney lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ó ń dúró lójú ọ̀nà. Láti oṣù kẹta ọdún 2018 ni bàálù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà kan náà sí Lọ́ńdọ̀nù láìdúró rárá, ní nǹkan bí 14,500 kìlómítà àti wákàtí mẹ́tàdínlógún. Kọ ìpínrọ̀ méjì láti ṣàlàyé ohun tí ó yí padà àti ohun tí kò yí padà.

4. Gbólóhùn yìí ní àṣìṣe méjì. Wá wọn rí, kí o sì tún un kọ: 'Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 5,000 máìlì, gbogbo bàálù sì máa ń fi wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33 gééré fò ó.'